Òróró Ẹ̀pà Nínú Búrékì Jíìpù

Ọdún tí a ṣe Àjíǹde láìsí agogo ni ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀. Ẹni tó bá wà ní Ọ̀fà nígbà náà kò lè gbàgbé: kòrónà ti ṣọ́ọ̀ṣì pa, ó ti mọ́sálásí pa, ó ti ọjà pa, ó wá ti àwọn ọkùnrin mọ́lé. Èyí tó kẹ́yìn yìí ló burú jù fún mi. Àrùn náà kò dé ojúlé wa rárá, ṣùgbọ́n ọkùnrin tó ti fẹ̀yìn tì, tí kò rí ibì kankan lọ láàárọ̀, tó sì ní sípánà lọ́wọ́, àrùn wo ló tún kù?

Ọmọ ọmọ mi tó ń bá mi kọ ọ́ ní kí n máa pe bàbá àgbà òun ní "wọ́n". Mo ní kó kọ "ó" bí mo ṣe sọ ọ́. Tí a bá dé ibi tí ọ̀wọ̀ yẹ, màá sọ fún un.

Tísà ni ọkọ mi. Ọdún márùndínlógójì ló fi kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní ìṣirò, kò sì sí àlejò tó wọlé wa tí kò gbọ́ iye ọdún náà kó tó jókòó. Ọdún tó fẹ̀yìn tì ló lọ ra jíìpù kan ní gbànjo, irú èyí tí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba fi ń wọ igbó láyé àtijọ́, tí ara rẹ̀ jẹ́ irin gidi, tí wọ́n fi tapólì bo ẹ̀yìn rẹ̀. Jíìpù náà dàgbà ju àbíkẹ́yìn wa lọ. Bó bá ń bọ̀ láti ìsàlẹ̀ àdúgbò, àwọn adìẹ ti mọ ohùn rẹ̀, wọn a ti sá kúrò lọ́nà kó tó yọ. Mi ò bú jíìpù o. Jíìpù ṣiṣẹ́. Ó ń kó iṣu mi láti oko, ó ń wọ ẹrẹ̀ tí mọ́tò mìíràn kò tó bẹ́ẹ̀ kó yọjú sí. Àwọn tó ń tún un ṣe ni mò ń bú.

Tẹ́lẹ̀ rí, ọkùnrin kan wà lójú ọ̀nà Ojoku tó máa ń bá wa tún un ṣe. Ọdẹ ni, ó sì tún máa ń bá àwọn àgbẹ̀ tún katakata ṣe. Kò kàwé jù mí lọ. Ògún ni wọ́n ń bọ nílé wọn, ẹ̀gbà irin kan kì í sì í kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Ọkọ mi kò fẹ́ràn ẹ̀gbà yẹn, ṣùgbọ́n ọ̀rẹ́ rẹ̀ ló kórìíra rẹ̀ jù. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ yìí, akọ̀wé ọ́fíìsì tó ti fẹ̀yìn tì ni, òun ló ń ka ẹ̀kọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì wa lọ́jọ́ Ìsinmi. Ó ní ọwọ́ tó ń ta epo sí irin lórí kò yẹ kó máa wọ inú ọkọ̀ onígbàgbọ́. Ọkọ mi fi tirẹ̀ kún un.

"Ẹni tí kò lè kọ orúkọ ara rẹ̀, kí ló fẹ́ mọ̀ nípa ẹ́ńjìnnì?"

Mo wà níbẹ̀, mò ń ṣa ẹ̀pà. Èmi náà kò lè kọ orúkọ mi. Kò sí èyí tó wojú mi nínú àwọn méjèèjì.

Bí wọ́n ṣe já ọdẹ sílẹ̀ nìyẹn, wọ́n lọ wá ìwé kan. Ìwé ńlá ni, èèpo rẹ̀ ti ya, àwòrán jíìpù kún inú rẹ̀. Ọkọ mi a wọ abẹ́ ọkọ̀ lọ, ọ̀rẹ́ rẹ̀ a fi àga rọ́bà sí abẹ́ igi máńgòrò, a máa ka ìwé náà sókè bí ẹni ń ka ẹ̀kọ́ kejì. Ẹni tó wà lábẹ́ ọkọ̀ kò rí ìwé. Ẹni tó mú ìwé dání kò rí abẹ́ ọkọ̀. Àwọn ọ̀mọ̀wé méjì.

"Ó ní kí o yọ nọ́ọ̀tì mẹ́rin."

"Mẹ́ta ni mo rí níbí."

"Mẹ́rin ni wọ́n kọ."

"Mo ní mẹ́ta ni!"

"Wá ìkẹrin dáadáa. Òyìnbó kì í purọ́ nínú ìwé."

Lọ́jọ́ kan mo gbé omi lọ fún wọn, mo bẹjú wo àwòrán náà. Sítíárì jíìpù inú ìwé wà lọ́wọ́ ọ̀tún. Tiwa wà lọ́wọ́ òsì. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ṣé jíìpù tiwa yìí nìyí?" Ọ̀rẹ́ rẹ̀ yọ awò ojú rẹ̀, ó rẹ́rìn-ín sí mi bí ẹni tí ọmọdé bi ní ìbéèrè. "Mummy, ìlànà ni à ń wò, kì í ṣe àwòrán." Ó dáa. Mo gba ife mi, mo lọ.

Bí wọ́n bá tú nǹkan, tí wọ́n sì tò ó padà, nǹkan a máa ṣẹ́ kù. Bóòtù kan, nọ́ọ̀tì méjì, irin róbótó kan tí kò sẹ́ni tó mọ ibi tó ti jáde. Wọ́n ń kó wọn sínú agolo mílíìkì. Agolo kìn-ín-ní kún, wọ́n bọ́ sí ìkejì. Mo bi ọkọ mi ní ohun tí wọ́n jẹ́. Ó ní àfikún ni, pé àwọn tó ṣe ọkọ̀ máa ń fi àfikún sí i. Mo ní, "Tí wọ́n bá ṣe iṣẹ́ abẹ fún èèyàn ní ọsibítù, tí wọ́n sì kó nǹkan lé yín lọ́wọ́ nínú agolo pé àfikún ni, ṣé ẹ ó gbà?" Ó ní mi ò mọ ohun tí mò ń sọ.

Gbogbo ìyẹn, eré ni. Èyí tí mo fẹ́ sọ kì í ṣe eré, torí ó kan èbù mi, iṣu tí mo fẹ́ gbìn.

Èmi ni mo ni oko iṣu tó wà lójú ọ̀nà Ojoku, ilẹ̀ bàbá mi ni. Òróró ẹ̀pà tí mò ń fún àti kúlíkúlí tí mò ń dín, ìyẹn wà fún ọṣẹ àti ata. Iṣu ni mo fi ń pe ara mi ní èèyàn. Lọ́dún yẹn mo ti san owó ebè kíkọ, ebè ti dúró, wọ́n ń retí èbù. Èbù náà wà nílé, àpò mẹ́jọ, nínú yàrá ẹ̀yìn. Mo ti kó wọn wá láti inú abà iṣu lóko nítorí màlúù tó ń ya wọ oko. Kòrónà wá dé. Kò sí bọ́ọ̀sì, ọlọ́kadà ń sá fún ọlọ́pàá. Àgbẹ̀ tó bá ní ọkọ̀ tirẹ̀ nìkan ni wọ́n ń jẹ́ kó kọjá lọ sóko. Àwa ní ọkọ̀ tiwa. Ọkọ̀ tiwa kò ní búrékì.

Ẹ wò ó, èbù kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Láràárọ̀ ni mò ń ṣí yàrá náà, tí mo ń rí i tí ọ̀mùnú ń gùn, funfun, rọ̀dọ̀rọ̀dọ̀, ó ń wá ìmọ́lẹ̀ lójú fèrèsé. Èbù tó bá hù jù nínú ilé, bí a bá gbé e, ọ̀mùnú a dá. Tó bá dá, ó tún fẹ́ bẹ̀rẹ̀ látilẹ̀, àwọn mìíràn kò sì ní bẹ̀rẹ̀ mọ́, wọn a rà. Tí mi ò bá gbin àpò mẹ́jọ yẹn, kò sí iṣu fún wa lọ́dún tó ń bọ̀, kò sì sí èbù mìíràn. Mo sọ fún ọkọ mi. Ó ní kí n fọkàn balẹ̀, wọ́n ti dé orí búrékì nínú ìwé.

Búrékì náà, bó bá tẹ̀ ẹ́, ẹsẹ̀ rẹ̀ a lọ dé ilẹ̀. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti iwájú nítorí iwájú ni ìwé ti bẹ̀rẹ̀. Mò ń gbálẹ̀ lọ́wọ́, mo rí i pé inú táyà ẹ̀yìn lápá òsì tutù, erùpẹ̀ sì lẹ̀ mọ́ ọn. Gbogbo àyíká gbẹ, ibẹ̀ nìkan ló tutù. Mo pè wọ́n.

"Nǹkan ń jò níbí o."

Ọkọ mi kò yọ orí jáde lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì. "Mummy, lọ bá wa wo omi ẹ̀bà tó o gbé kaná."

Ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní, "Mummy, ajá ló tọ̀ sí i." Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín títí ọ̀kan fi ń wúkọ́.

Ọjọ́ kẹta ni wọ́n dé ibi táyà ẹ̀yìn nínú ìwé. Wọ́n tú u, wọ́n rí ibi tó ti ń jò. Irin kékeré kan wà níbẹ̀ tí rọ́bà wà nínú rẹ̀ lápá méjèèjì, rọ́bà yìí ló yẹ kó di omi búrékì mú kó má jáde, ó ti jẹ. Ọkọ mi pariwo pé òun ti rí i. Òun! Ó fọwọ́ gbá ọ̀rẹ́ rẹ̀ léjìká, ọ̀rẹ́ rẹ̀ gbá tirẹ̀ padà. Kò sí ẹni tó rántí ajá. Ọjọ́ yẹn ni mo sọ lọ́kàn mi pé ẹnu mi kò ní ya sí ọ̀rọ̀ jíìpù yẹn mọ́, kódà kó gbiná.

Wọ́n yí rọ́bà náà sódì, wọ́n dá a padà. Ìyẹn náà ṣe díẹ̀. Ṣùgbọ́n omi búrékì ti dà tán, gbogbo ṣọ́ọ̀bù tó ń tà á sì wà ní títì. Ìdí èyí ni ọ̀rẹ́ rẹ̀ fi wá inú ìwé lọ síwájú sẹ́yìn ní odidi ọ̀sán kan, tó wá rí ojú ewé kan tó ní láyé àtijọ́, òróró tí wọ́n fún lára èso igi kan ni àwọn òyìnbó fi ń ṣe omi búrékì. Ó kà á lẹ́ẹ̀mejì. Ohùn rẹ̀ yí padà bí ìgbà tó bá dé ibi tí Olúwa ti ń sọ̀rọ̀.

"Òróró tí wọ́n fún lára èso," ó ní. "O gbọ́?"

"Ẹ̀pà ńkọ́?" ọkọ mi dáhùn. "Ẹ̀pà náà, èso ni."

Mo wà nínú ilé ìdáná, mo ń gbọ́. Ẹ̀yin tó ń fún òróró ẹ̀pà bíi tèmi ti mọ ohun tí mo mọ̀. Òróró àti rọ́bà kì í gbé pọ̀. Bàtà rọ́bà tí mo fi ń dúró ti ẹ̀pà, oṣù méjì kì í pé tó fi ń wú, tó ń rọ̀ bíi olú tí òjò pa. Rọ́bà tó wà nínú ìdérí kẹ́ẹ̀gì mi, bí mo bá fi sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan, yóò tóbi kọjá ìdérí, kò ní wọ ibi tó ti jáde mọ́. Kì í ṣe inú ìwé ni mo ti kà á. Ojú mi ló rí i, láti ìgbà tí mo ti wà lọ́dọ̀ ìyá mi.

Wọ́n wọlé wá, ìgò wà lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀.

"Mummy, ẹ bá wa bu òróró díẹ̀."

"Kí lẹ fẹ́ dín?"

Ọkọ mi ní, "Ohun tí a fẹ́ fi ṣe kò kan ilé ìdáná. Ṣá bù ú."

Mo la ẹnu. Òótọ́ ni mo ń sọ fún yín, mo la ẹnu, ọ̀rọ̀ ti dé eyín. Ọkọ mi gbọ́wọ́ sókè bó ṣe máa ń ṣe fún àwọn ọmọ kíláàsì: "Má tíì bẹ̀rẹ̀."

Mo pa ẹnu mi dé. Mo bu èyí tó mọ́ jù fún wọn. Mo tún fi aṣọ sẹ́ ẹ kí ìdọ̀tí má bàa wọ búrékì wọn.

Wọ́n dà á sí i. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ gbé ọwọ́ lé bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó gbàdúrà. Ó gbàdúrà fún táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ó gbàdúrà lòdì sí ẹ̀mí àwọn tó ń bọ irin, kò gbàdúrà fún rọ́bà. Ọkọ mi wa jíìpù yí ọgbà ká lẹ́ẹ̀mẹta, ó tẹ búrékì, jíìpù dúró. Wọ́n dì mọ́ ara wọn. Alẹ́ ọjọ́ yẹn ó pe gbogbo àwọn ọmọ wa lórí fóònù níkọ̀ọ̀kan, láti àkọ́bí dé àbíkẹ́yìn. "Èmi ni mo tún un ṣe fúnra mi. Kò sí mẹkáníìkì kankan." Àwọn ọmọ ń kí i pé Daddy kú iṣẹ́.

Mo ní tó bá ti rí bẹ́ẹ̀, ká kó èbù lọ lọ́la. Rárá o. Ó fẹ́ kun táyà ní dúdú kọ́kọ́. Lọ́jọ́ kejì ó fẹ́ tún ìjókòó ẹ̀yìn rán. Lọ́jọ́ kẹta ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní ìwé sọ pé kí wọ́n fi gírísì sí ibi mẹ́tàdínlógún, méjìlá ni wọ́n rí, wọ́n fi ọjọ́ méjì wá márùn-ún tó kù. Òjò àkọ́kọ́ rọ̀, òjò kejì rọ̀. Ebè mi ń mu omi lásán.

Lọ́sàn-án, bó bá ti sùn, mo máa ń lọ fi ọwọ́ tẹ búrékì náà. Lọ́jọ́ kìn-ín-ní ó rọ̀. Lọ́jọ́ kẹta ó ti ń le. Lọ́jọ́ karùn-ún ó le bí ìbẹ́pẹ tí kò tíì pọ́n, bí mo bá tẹ̀ ẹ́, ó ń ronú kó tó padà sókè. Mo mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú irin kékeré yẹn bí ẹni tó ń wò ó. Mo sì dúró. Mo ní lọ́la, lójú ọ̀rẹ́ rẹ̀, lójú àwọn ará ilé kejì tó máa ń bẹjú lórí ògiri wo iṣẹ́ ńlá wọn, búrékì yóò gbá jíìpù yìí mú nínú ọgbà níbí, kò ní lè lọ iwájú, kò ní lè padà sẹ́yìn. Mo ń retí ọjọ́ náà bí ẹni ń retí ọdún. Nígbà náà ni màá sọ̀rọ̀. Mo ti ń to ọ̀rọ̀ tí màá sọ lọ́kàn.

Kò mú un nínú ọgbà. Lọ́jọ́ kẹjọ ọkọ mi sọ pé ó yá. A kó àpò mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ sẹ́yìn, ọ̀rẹ́ rẹ̀ jókòó níwájú, ìwé wà lórí itan rẹ̀. Èmi gun orí èbù. Tí ẹ bá ní kí ló dé tí mo wọ ọkọ̀ tí mo mọ̀ nípa rẹ̀, èbù mi ló wà nínú rẹ̀, mi ò sì rò pé ọkọ̀ tó ń rìn bí ìgbín lè pa ènìyàn lára.

Ọlọ́pàá tó wà lójú ọ̀nà kí wọn, ó ní, "Daddy, ọkọ̀ yìí mà ń dán o." Ọkọ mi ní òun ni òun tún un ṣe. Ìyẹn ṣe sàlúùtù fún un. A lọ bí ibùsọ̀ mélòó kan, mo bẹ̀rẹ̀ sí gbóòórùn. Òórùn àkàrà ni. Òróró gbígbóná, òórùn tí mo mọ̀ ju òórùn ara mi lọ. Mo kan orí ọkọ̀.

"Daddy, ẹ dúró. Táyà ẹ̀yìn ń dín nǹkan."

Ó ní, "Àwọn ará abúlé yìí ló ń dín àkàrà."

Kò sí abúlé níbẹ̀. Oko ẹ̀gẹ́ ló wà lọ́tùn-ún, oko ẹ̀gẹ́ ló wà lósì. Mo tún kan orí ọkọ̀, mo pariwo pé kó dúró, pé òróró ti ba rọ́bà jẹ́, ṣùgbọ́n ariwo ẹ́ńjìnnì kò jẹ́ kí wọ́n gbọ́. Ìgbà yẹn ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ ọ́, nígbà tí a ti ń sọ̀ kalẹ̀ sí ibi odò kékeré tó wà kí a tó dé oko. Ó tẹ búrékì. Táyà kan gbá mú, èyí tó kù kò mú, jíìpù yí ojú padà bí ẹṣin tí wọ́n fa ìjánu rẹ̀ sápá kan. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ ń pe Jésù. A bọ́ sínú kòtò tí àgbàrá gbẹ́, jíìpù fi ẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ bí màlúù tó fẹ́ sùn.

Orúnkún mi bó. Ọ̀rẹ́ rẹ̀, kò sí ohun tó ṣe é. Ọkọ mi fi ọwọ́ ọ̀tún gbá sítíárì mú nígbà tó ń yí, ọrùn ọwọ́ rẹ̀ kán. Àpò èbù mi tú jáde. Àwọn kan wọ inú omi, àwọn kan wà lábẹ́ irin jíìpù, ọ̀mùnú funfun yẹn dá sínú ẹrẹ̀ káàkiri bí ekòló tí wọ́n gé. Mo dúró sáàárín rẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí mo ti tò lọ́kàn fún ọjọ́ mẹ́jọ, mo fi sílẹ̀, mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, mò ń ṣa èbù.

Ta ló fẹ́ gbọ́ ariwo níbẹ̀, bí kì í bá ṣe ọdẹ yẹn? Oko rẹ̀ kò jìnnà sí tèmi. Òun àti àwọn ọkùnrin méjì dé, wọ́n fa ọkọ mi jáde, wọ́n fi igi tẹ́ẹ́rẹ́ méjì di ọwọ́ rẹ̀ kó má bàa mì títí wọn yóò fi gbé e dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ń to eegun. Kò sọ ọ̀rọ̀ kan tó burú sí i. Ẹ̀yìn ìyẹn ni ó kúnlẹ̀ ti táyà ẹ̀yìn, ó tú u. Iṣẹ́ tí wọ́n fi ọjọ́ mẹ́ta ka ìwé sí lórí, kò gbà á tó àkókò tí èèyàn fi ń jẹun. Ó fi imú sí irin kékeré náà, ó fa òórùn rẹ̀ símú.

"Àbí kí lèyí? Ta ló ń ta àkàrà nínú búrékì?"

Ọ̀rẹ́ ọkọ mi ní, "Ó wà nínú ìwé. Òyìnbó ló kọ ọ́."

"Òyìnbó náà dà? Ṣé ó bá yín wọ ọkọ̀ ni?"

Àwọn ọkùnrin méjì yẹn rẹ́rìn-ín débi pé ọ̀kan jókòó sílẹ̀. Ọdẹ náà fi ìka yọ rọ́bà jáde, ó gbé e sójú oòrùn. Ó ti wú tó ìlọ́po méjì, ó ń dán, ó rọ̀ jọ̀bọ̀jọ̀bọ̀. Ó gbé e fún mi. Ó mọ̀ mí dáadáa, kúlíkúlí mi ló fi ń mu gaàrí lóko.

"Ìyá, ẹ̀yin tí ẹ ń fún òróró. Ẹ ò rí wọn nígbà tí wọ́n ń dà á sí i ni?"

Ọkọ mi ń wò mí láti ibi tí wọ́n gbé e tì.

Mo ní, "Mi ò rí wọn."

Àpò mẹ́ta àti ààbọ̀ ni mo rí ṣà tó ṣe é gbìn. Èmi àti ìyàwó ọdẹ náà la gbìn ín, a fi eérú ra ojú ibi tó ṣẹ́, ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀ rà síbẹ̀síbẹ̀. Ebè tó kù, koríko ló gbà á. Nígbà tó yá ọdẹ tún jíìpù ṣe, ó fọ òróró kúrò nínú rẹ̀ láti iwájú dé ẹ̀yìn, ó wá rọ́bà tuntun sí i. Ọ̀rẹ́ ọkọ mi ní kí wọ́n jẹ́ kí òun gbàdúrà sí i kí wọ́n tó tún un wà. Mo ní kó lọ gbàdúrà sí ìwé rẹ̀. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, èmi ọmọ àgbẹ̀, mo lọ ń ra iṣu lọ́wọ́ obìnrin Ẹ̀rìn-Ilé kan, ìlú tó múlé ti wa. Ó bi mí bóyá oko mi náà ti fẹ̀yìn tì.

Ọwọ́ ọkọ mi wọ́. Ọwọ́ tó fi ń kọ̀wé ni, ìwé tó dùn ún wò, òun ni àwọn ìjọ fi ń kọ orúkọ ọmọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe ìrìbọmi fún. Òun ló ń bá mi kọ̀wé tẹ́lẹ̀, kò lè mú gègé pẹ́ mọ́. Ìdí nìyí tó fi jẹ́ ọmọ ọmọ mi ló ń kọ èyí.

Nígbà tí ọ̀nà là, gbogbo àwọn ọmọ wá ṣe Kérésìmesì. Bàbá wọn jókòó sí pálọ̀, ó ń sọ fún wọn bí rọ́bà tí wọ́n ń tà láyé ìsinsìnyí kò ṣe dáa mọ́, bó ṣe jẹ́ pé rọ́bà ló dalẹ̀ òun. Àwọn ọmọ ń mi orí. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ náà ń mi orí. Mo dìde, mo pe àwọn ọmọ wá sí ilé ìdáná, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, mo ní kí wọ́n ti ilẹ̀kùn.

Mo sọ fún wọn pé òpònú ni bàbá wọn, òpònú sì ni ọ̀rẹ́ rẹ̀. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ti gbọ́ ìyẹn rí. Mo ní, "Ẹ dúró. Èmi ni mo bu òróró náà fún wọn. Mo mọ̀ pé yóò ba rọ́bà jẹ́. Mo sẹ́ ẹ kó lè mọ́, mo bù ú fún wọn, mo padà sídìí ẹ̀pà mi."

Ẹ̀rín tán lẹ́nu wọn. Ìyá ẹni tó ń kọ èyí ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. "Mummy, kí ló dé tẹ́ ẹ ò sọ fún wọn?"

Mo ní, "Mo fẹ́ kó tẹ́. Inú ọgbà ni mo rò pé yóò ti tẹ́, kí gbogbo wọn lè rí i, kí n sì wà níbẹ̀."

Àkọ́bí bi mí bóyá mo ti sọ fún bàbá wọn. Mo ní rárá, mo purọ́ lójú rẹ̀ lẹ́bàá kòtò, irọ́ náà ló ṣì wà níbẹ̀. Mo ní kí wọ́n lọ sọ fún un bí wọ́n bá fẹ́, mi ò ní bínú. Kò sí ẹni tó lọ nínú wọn. Mo wá sọ fún wọn pé wọ́n ti lọ fẹ́ ọkọ, wọ́n ti lọ fẹ́ ìyàwó, wọn yóò rí òpònú tó ń mú ìwé dání nínú ilé wọn, kò sí ilé tí kò ní. Mo ní kí wọ́n pariwo mọ́ ọn lórí. Bó bá gbọ́wọ́ sókè, kí wọ́n tún pariwo. Òpònú ni yóò ṣì jẹ́, ṣùgbọ́n èbù wọn yóò dé oko.